Lọ́fínńdà àti Èèwọ̀ Ara
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)



Òórùn dídùn kò bu ẹnikẹ́ni kù, n kò sì wá ba lọ́fínńdà jẹ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú ohun tí a fi ń para.

Èròjà kan wà tí àwọn tí ń po lọ́fínńdà ń pè ní Lyral. Orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgò ni Hydroxyisohexyl 3-Cyclohexene Carboxaldehyde. Òórùn òdòdó ni ó ní, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń sínú lọ́fínńdà, ìpara, ọṣẹ àti ohun tí a ń fi pa abíyá. Kì í ṣe májèlé tí ń pani lójú ẹsẹ̀. Èèwọ̀ ara ni ó ń dá sílẹ̀.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Èròjà náà a wọ inú awọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a sì kà á sí ọ̀tá. Ènìyàn lè ti máa lò ó fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ara bá ti kọ̀ ọ́, ìgbàkígbà tí ó bá tún kàn án, awọ yóò pọ́n, yóò sú, yóò sì máa yún. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Díẹ̀ kínún ti tó. Nítorí pé ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ó sábà máa ń yọ, oúnjẹ tàbí ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ ń fẹ̀sùn kàn. Kò sí oògùn tí ń wo èèwọ̀ yìí tán. Àfi kí a yẹra fún un.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2003 pàṣẹ pé, bí ó bá kọjá ìwọ̀n kan, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, pẹ̀lú ti èròjà òórùn 25 mìíràn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ wọn sọ pé kò yẹ kí ó wà nínú ohun ìpara rárá. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn kò gbọdọ̀ gbé ọjà tuntun tí ó ní in jáde mọ́. Láti ọjọ́ kan náà ní 2021, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ohun tí a lé kúrò lọ́jà níbẹ̀ kò yẹ kí ó di ẹ̀bùn fún ìyá yín nílé. Ìgò tí ó ti pẹ́ nínú àpótí, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dì í sínú ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ra ìpara tí a kò kọ orúkọ èròjà àti nọ́ńbà NAFDAC sí lára. Bí ara bá ń yún yín, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró. Ẹ má fi ìpara mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà awọ ara. Ó lè lẹ èròjà díẹ̀díẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn fún ọjọ́ 2, kí ó fi mọ èyí tí ara yín kọ̀.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.