Lẹ́yìn "Ẹ Kú Ewu"

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ̀yìn ti fèrèsé lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo ọmọ Obbo-Ayégúnlẹ̀ pátá.

Bí aláìsàn bá ti ọsibítù dé, "ẹ kú ewu" la fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A ó se oúnjẹ, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí mo bá wá sọ́dọ̀ yín lónìí ni pé ìkíni yẹn ti máa ń yá jù. Èdè wa gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé "ó ti ń jẹun", a máa ń sọ pé "ara rẹ̀ ti fúyẹ́", a tún ní "ó ti ń mókun", kí a tó wá sọ pé "ó ti gbádùn". Níbi tí ara ti fúyẹ́ ni ọsibítù ti máa ń ní kí èèyàn máa lọ sílé. Ta ló wá ń sìn ín dé ibi ìgbádùn?

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìjọba Kwara kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọsibítù Sóbí ní Ìlọrin di ibi tí wọ́n ń kó wọn sí. Ẹ rántí bí rédíò ṣe ń ka iye lójoojúmọ́: mélòó ló kó o, mélòó ló kú, mélòó ni wọ́n ti dá sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti dá sílẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ka àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara wọn mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2021 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó là á sílẹ̀ pé àìlera tó bá ṣì wà lára èèyàn ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, tó sì gbé ó kéré tán oṣù 2, tí a kò rí ohun mìíràn tó fà á, àrùn náà ló fi í sílẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kòkòrò ti lọ, ṣùgbọ́n ilé tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró lè ti gba ọgbẹ́. Ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti joro. Bó bá fẹ́ dìde, á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Àwa á sì máa gbé ẹ̀kọ mímu fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀kọ dára fún ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣan padà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàrà, ó kéré tán ẹ̀pà: ìwọ̀nyí ni iṣan ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí Kòrónà, torí ibà Lassa sún mọ́ wa jù ú lọ. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti fún un lórúkọ ní ọdún 1969, nígbà tó pa àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti ti Irrua ní Ẹdó sì ti mọ ìtọ́jú rẹ̀ dunjú. Gbogbo wa ti gbọ́ pé eku ló ń kó o ran èèyàn. Ohun tí a kì í gbọ́ ni ọ̀rọ̀ etí. Nínú mẹ́rin tó bá yè, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní etí ẹnì kan máa ń di. Ìdajì nínú wọn ni etí wọn máa ń là díẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3. Kò sì di dandan kí àìsàn náà le kí etí tó di. Ẹni tó ṣe é wẹ́rẹ́ lè di adití.

Ẹ wò ó báyìí. Àgbẹ̀ kòkó kan tí ibà Lassa ṣe ti ọsibítù Ọ̀wọ̀ dé, a ti kí i kú ewu. Ní ọjọ́ kẹta, aládùúgbò kí i láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Ìyàwó bá a sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, kò dáhùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò sọ pé etí ló ṣe é? Wọ́n á ní ó ti ń gbéra ga, tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òun alára lè má mọ̀. Ó lè rò pé àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa òun. Mo gbà pé ìjà ẹbí púpọ̀ ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò etí kí ó tó kúrò ní ọsibítù, kí wọ́n sì kọ́ aya rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó wò ó lójú kó tó sọ̀rọ̀: iye owó wo ni ìyẹn?

Iṣẹ́ ìmúpadàbọ̀sípò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tìtorí wọn dá ọsibítù Igbobi sílẹ̀ l'Ékòó. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì, àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tún ara ṣe. Ìṣòro wa ni pé ìlú ńlá ni wọ́n pọ̀ sí. Ẹni tó wà ní Obbo-Ayégúnlẹ̀ kò lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí àtiná ẹsẹ̀. N kò wá bẹ̀bẹ̀ fún ilé tuntun o. (Àwa kúkú fẹ́ràn ilé tí a óò lẹ orúkọ mọ́ lára.) Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọsibítù má ṣe dá aláìsàn sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ará ilé rẹ̀ kan níṣẹ́, lédè Yorùbá, kí nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́dé tó wà nítòsí sì mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára ìyàwó ilé lọ. Bí èémí bá ń há aláìsàn, kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Kí ó fa èémí sí imú, kí ó sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ní ti oko, kí ó má ṣe dá a lọ́jọ́ kan. Bí ó bá kọ ebè mẹ́wàá lónìí, tí ó sì sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Kí ó padà sí márùn-ún. Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé ọ̀lẹ lẹ máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń fi tipátipá ṣiṣẹ́ ni àìsàn ń tún gbé wọn dè.

Kí n tó fi ibí sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. Ẹ ká ọwọ́ sí àyà. Ẹ dìde lórí àga láìfi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tún jókòó, ẹ tún dìde. Ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa kà á. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó sinmi. Bí àwọn onífisiotẹ́rápì ṣe ń mọ ibi tí agbára aláìsàn dé nìyẹn, àga onígi tó wà nílé yín náà sì tó o ṣe. Kábíyèsí nìkan ni kí ó wà lórí ìjókòó. Ó yá, ọ̀kan…