ÌLẸ̀KÙN TÍ Ó ṢÍ NÍ 1909: Ìtàn King's College, Èkó, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ìjọ tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ó ń lọ nínú ọ̀ràn ìmọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ òní fi dá lé orí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó, King's College, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe ti Nàsárá. Ti ìjọba ni. Ìdí yìí gan-an ni ìtàn rẹ̀ fi kan Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n.

Bí Ọ̀rọ̀ Ti Rí Kí 1909 Tó Dé

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ẹnu ọ̀nà ìjọ ni yóò gbà wọlé. Ìjọ C.M.S. dá Grammar School tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1859. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ti àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ ní 1878. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, kò sì yẹ kí Mùsùlùmí sẹ́ ẹ, nítorí òdodo ni ẹ̀sìn pa láṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ kò fi ète wọn pamọ́: wọ́n fẹ́ fi ìwé mú ènìyàn wá sínú ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi orúkọ Mùsùlùmí wọlé, tí ó sì fi orúkọ ìtẹ̀bọmi jáde. Àwọn bàbá rí èyí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì di ọmọ wọn mú sílé. Ilé kéwú wà lóòótọ́, àwọn àáfà sì ń ṣe iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé kéwú ìgbà náà kì í kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí ìjọba fi ń gba ènìyàn sí iṣẹ́. Báyìí ni ẹ̀rù tí ó tọ́ ṣe bí àdánù tí ó pọ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí Mọ́sálásí Shitta-Bey, Gómìnà Carter wà ní ìjókòó, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìlú Liverpool, sì ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Ọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ìmọ̀ ìgbàlódé wà lára ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ará Èkó ní ọjọ́ náà. Ní 1896, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, Ọ̀mọ̀wé Edward Blyden sì ṣe akitiyan púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan nìyẹn. Èyí tí ó kù ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò ní sí lábẹ́ ìjọ kankan.

Àwọn Ọmọ 10

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ọmọ 10 péré. King's School ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ó sì tún jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ni Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé. Bàbá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá C.M.S. Grammar School láti 1879 di 1893.

Kí àwọn òbí ronú sí èyí. Ẹni tí ó ti darí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ fún ọdún 14 kò kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọ. Ilé tí ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ bá dúró kì í wárìrì nítorí pé ọmọ kọjá sí ìta. Ọmọ náà di dókítà. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ètò ìlera ìlú Èkó, ó sì wà lára àwọn tí ó gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí ó jà ní Èkó láti 1924 di 1930. Nígbà tí àrùn náà ń pa ènìyàn, kò ya ilé Mùsùlùmí sọ́tọ̀ kúrò lára ilé Nàsárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ ẹni tí ó gbógun tì í ṣe gbogbo ará ìlú láǹfààní.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó máa dun Mùsùlùmí ni èyí: ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò yára wọ ilẹ̀kùn tí kò sí lábẹ́ ìjọ yìí? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í gba ọmọ tí kò ní ìpìlẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí kò sì ní in. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí a óò fi gun òkè dé ẹnu rẹ̀ kò sí. Ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi para pọ̀ ní 1923 láti dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ náà sì fi iṣẹ́ dídá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kan àtẹ̀gùn náà ni.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1927 ni ìjọba tó dá Queen's College sílẹ̀ fún wọn, lẹ́yìn ọdún 18 tí ti ọkùnrin ti wà. Mùsùlùmí tí ó bá rántí pé Ànábì (S.A.W.) ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti máa kọ́ àwọn obìnrin kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ tún wáyé nínú ilé rẹ̀.

Àwọn Àṣà Tí Ó Gbé Ilé-Ẹ̀kọ́ Náà Ró

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. King's College kò wó, nítorí ó ní àṣà tí ìran kan ń fà lé ìran kejì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní èdè Látìn, ni Spero Lucem. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Mo ń retí ìmọ́lẹ̀.” Mùsùlùmí tí ó bá ń kà á lára aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé Ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ súrà kẹrìnlélógún nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé, ó sì mọ ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń retí ìmọ́lẹ̀ kì í ti fèrèsé pa.

Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ọ̀gá àtijọ́, bíi Hyde-Johnson àti Harman, pè wọ́n. Ilé ń bá ilé díje nínú eré ìdárayá àti nínú ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó ti jáde kì í gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ wọn; wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀, wọ́n sì ń fi owó àti ọgbọ́n ran àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Ìdíje nínú ohun rere àti dídi okùn ará mú ṣinṣin, ṣé ohun àjèjì nìwọ̀nyí fún Mùsùlùmí? Ẹ̀sìn ti pa wọ́n láṣẹ tipẹ́. Ó jẹ́ ìtìjú bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá mọ ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ju bí àwọn ará mọ́sálásí ṣe mọ ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú ilé kéwú tí ó tọ́ wọn.

Ìwà akin tún wà lára àṣà náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gba ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìlò ológun, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sí ilé káàkiri ìgboro. Ibẹ̀ kò dára. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ náà kọ̀, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Ìjọba amúnisìn kó wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi tipátipá mú 8 nínú wọn wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn 8 yìí kú síbẹ̀. Ọ̀ràn náà ká ìlú lára, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀dọ́ para pọ̀ dá ẹgbẹ́ N.C.N.C. sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1943 kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Iléṣà, ni ó di Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 di 1983. Òun ni ó fi òpin sí fífi òwúrọ̀ àti ọ̀sán pín àwọn ọmọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí ó sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí ọmọ tálákà náà lè rí ibi jókòó.

Ọdún 1954

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1954, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, M.S.S., sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ni Abdul-Lateef Adégbìtẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, akẹ́kọ̀ọ́ King's College. Kò tíì ju ẹni ọdún 21 lọ. Ẹ̀kọ́ ìwé kò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ kọ́ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé, ó sì di akọ̀wé àgbà fún ìgbìmọ̀ gíga tí ó ń darí ọ̀ràn ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, títí Ọlọ́hun fi pè é ní 2012. Bí bàbá rẹ̀ bá ti dì í mú sílé nítorí ẹ̀rù, ta ni ìbá dúró síwájú àwọn ọ̀dọ́ ní ọjọ́ náà?

Ojúṣe Tí Ó Kù

Àṣìṣe méjì ni ó ń ba ọ̀ràn yìí jẹ́. Èkíní ni ti bàbá tí ó sọ pé ìmọ̀ tí kò ti ọ̀dọ̀ àáfà wá kò ní ìbùkún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí ogun Badr. Àwọn onítàn ìgbésí ayé Ànábì (S.A.W.) sọ pé nínú àwọn tí a mú lẹ́rú, ẹni tí kò ní owó ìràpadà ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n kọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kọ́ ọmọ Mẹ̀dínà 10 ní ìwé. Abọ̀rìṣà ni wọ́n. Wọ́n ní Zayd ọmọ Thābit wà lára àwọn ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, Zayd yìí kan náà ni a sì gbé iṣẹ́ àkójọ Àlùkùránì lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú Ànábì. Ọwọ́ kèfèrí kọ́ ọmọ ní lẹ́tà. Ọwọ́ ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ti ọ̀dọ́ tí ó wọlé tí ó sì gbàgbé ẹni tí òun jẹ́: tí ó ń tijú àti kírun lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó gé orúkọ rẹ̀ kúrú kí wọ́n má baà mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, wọ́n ń gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ Mùsùlùmí. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jù ú nù. Èwo ni ó burú jù?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó wà ní yunifásítì, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ọgbà mọ́sálásí, kí ọmọ aláṣọ-òkè àti ọmọ alágbàṣe lè yege nínú ìdánwò àtiwọlé. Ẹ̀yin olówó, ẹ ra fọ́ọ̀mù fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní. Ẹ̀yin tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ máa kírun ní àkókò rẹ̀, kí ẹ sì wà lára àwọn tí ó mọ̀wé jù nínú kíláàsì, kí ìwà àti ìmọ̀ yín jọ máa wàásù. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi kéwú ṣe ìpìlẹ̀ nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ.

Kí Ọlọ́hun fún ìjọ yìí ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó sì dáàbò bo ẹ̀sìn àwọn ọmọ wa níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wá a. Āmīn.

Wassalāmu alaykum wa rahmatullāh.