Ilé Panla: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ará Etí Òkun Òtútù



Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ní ọjọ́ kan pé níbo ni panla líle inú ọbẹ̀ wọn ti wá. Wọ́n dáhùn pé, “Láti ọjà ni.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, nítorí ẹni tí kò mọ orísun oúnjẹ rẹ̀, kò lè mọ iyì òógùn ẹni tí ó pèsè rẹ̀.

Lofoten ni ilé panla náà, àwọn erékùṣù kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Nọ́wè. Ọjọ́ púpọ̀ ń bẹ nínú oṣù Kejìlá tí oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Nínú oṣù Kẹfà ẹ̀wẹ̀, kì í wọ̀, àní ní ọ̀gànjọ́ òru. Síbẹ̀, ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ó ń ti gúúsù wá kì í jẹ́ kí òkun náà dì.

Láti oṣù Kìn-ín-ní títí dé oṣù Kẹrin ni ẹja tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cod máa ń ti Òkun Barents wá yé ẹyin níbẹ̀. Nígbà náà ni àwọn apẹja ń bọ́ sójú òkun nínú ìjì àti ìrì dídì. Ìtàn sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1120, Ọba Øystein kọ́ àgọ́ fún àwọn apẹja tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀yin ọba wa, ẹ ṣàkíyèsí èyí.

Bí wọ́n bá pa ẹja tán, wọn a gé orí rẹ̀, wọn a yọ ìfun rẹ̀, wọn a so ó ní méjì méjì ní ìrù, wọn a sì fi kọ́ sórí àtẹ igi ní gbangba. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í sì í yan án. Afẹ́fẹ́ òtútù ni ó ń gbẹ ẹ́, láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ẹran rẹ̀ a bàjẹ́. Bí ooru bá mú, eṣinṣin a bò ó. Orí rẹ̀ pàápàá, wọn a gbẹ ẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì wá sí Nàìjíríà. Òtútù tí ẹlòmíràn ìbá kà sí ègún ni wọ́n sọ di ọrọ̀.

Ti àwọn ọmọdé wọn ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù. Bí wọ́n bá jáde ilé-ìwé, wọn a gba èbúté lọ, wọn a máa gé ahọ́n kúrò lára orí ẹja, wọn a tà á, owó rẹ̀ a sì jẹ́ tiwọn. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ ọ̀bẹ lò.

Àwa ńkọ́? Àwa olùkọ́ jẹ̀bi níwájú yín. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ ní ilé-ìwé, oko ni a ń rán an lọ. Báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ohun tí a fi jẹ ẹ́ níyà? Ẹ̀yin òbí náà a sì máa wí pé, “Kàwé, kí o má baà di àgbẹ̀ bíi baba rẹ.” Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ìwé nìkan kọ́ lè fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ fún igbó.

Ìmọ̀ràn wa kò ju méjì lọ: kí olùkọ́ má ṣe fi oko jẹ ọmọ níyà mọ́, kí òbí sì fi iṣẹ́ rẹ̀ han ọmọ ní àkókò ìsinmi, kí ó sì fún un ní èrè tirẹ̀.

Bí ẹ bá tún bá panla pàdé nínú ọbẹ̀, ẹ rántí ọmọ kékeré tí ó dúró létí òkun nínú òtútù, tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.