Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Bàjẹ́, Ibo La Kọ Ọ́ Sí?

Ẹni tó bá ti Igbóbì wọ Ṣómólú mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé pọ̀ níbẹ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ. Tí róólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bébà, wọn á fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀sùn náà ti rì sábẹ́ “ẹ kú oríire”.

Ó yẹ ká ní dátábéèsì: ẹ̀rọ wo, ọjọ́ wo, kí ló ṣe é, ta ló tún un ṣe, èló la ná. Excel tó fún ẹnì kan. Tí akọ̀wé àti mẹkáníìkì bá ti ní ẹ̀dà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà dé.

Dátábéèsì tó ń jẹ́ SQLite ni èmi fara mọ́. Richard Hipp ló ṣe é ní 2000, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò tó ń bójú tó ìbàjẹ́ inú ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Bí sáfà tó gbé dátábéèsì bá kú, ètò yẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Ló bá ṣe èyí tí kò nílò sáfà rárá. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Àwa tí iná ń ṣe báyìí-báyìí fún, ẹ ò rí i pé ó bá wa mu?

Àmọ́ ẹnì kan ló lè kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù á dúró díẹ̀. Ẹ má sì gbé e sí fódà tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta jọ ń ṣí, ó lè bàjẹ́. Ibi tó tóbi bí ilé ìwòsàn eegun Igbóbì, PostgreSQL ló yẹ wọ́n, pẹ̀lú sáfà, ínfátà àtẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ máa ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sórí fláàṣì nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé fláàṣì náà lọ sílé.