Iná Títì àti Ọkọ̀ Ojú Irin: Ìbéèrè fún Àwọn Olùdíje
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn olùdìbò)

Mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu olùdíje kankan.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1995, ní Fox River Grove, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan sọdá ojú irin. Iná pupa dá a dúró ní oríta tí ó wà níwájú. Àyè tí ó wà láàrin irin àti iná kò gba bọ́ọ̀sì náà tán. Ìdí rẹ̀ ṣẹ́ kù sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà dé, ó gbá a. Akẹ́kọ̀ọ́ méje kú.

Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Bí ó ti yẹ kí ó rí ni pé, bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, ẹ̀rọ ara irin yóò ránṣẹ́ sí iná títì. Iná yóò kọ́kọ́ di aláwọ̀ ewé fún àwọn tí ó wà lórí irin, kí wọ́n lè kúrò. Yóò sì di pupa fún àwọn tí ó ń lọ síhà irin. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ náà dé, ṣùgbọ́n àkókò tí ó ṣẹ́ kù kò tó. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí ó ni iná àti àwọn tí ó ni irin kò fikùn lukùn dáadáa. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ àárín.

Àwọn àgbà ní, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí iná pupa dá dúró sórí irin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà; ènìyàn mẹ́fà kú. Níhìn-ín lókè Ọya pẹ̀lú, iṣẹ́ rélùwéè ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, irin náà sì ń gba àárín ìgboro kọjá.

Nítorí náà, bí olùdíje bá wá tọrọ ìbò wa, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ní àwọn ibi tí títì ti pàdé irin, ǹjẹ́ iná tàbí ọ̀pá ìdènà wà? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ẹni tí ó wà lórí irin ní láti fi kúrò? Ta ni yóò mú àwọn aláṣẹ títì àti àwọn aláṣẹ rélùwéè jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ dán ẹ̀rọ wọn wò?

Ẹni tí ó bá dáhùn, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbò, a ó tún lọ bi í.