Sinimá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí sinimá àti tẹlifísọ̀n. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ pé eré lásán ni, pé ó ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá jókòó ti tẹlifísọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní ráyè kàwé, kò sì ní ráyè ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ènìyàn kan wà tí à ń pè ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ohun tó wà láyé àti lójú ọ̀run: ìràwọ̀, omi, igi, ẹranko, àrùn. Wọn kì í kàn gba nǹkan gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wò ó, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún un wò. Ẹnì kan lè rò pé irú wọn kò ní fẹ́ràn ìtàn àròsọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn eré tó ń sọ nípa sáyẹ́ǹsì. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó fà wọ́n sídìí iṣẹ́ wọn, àwọn mìíràn á dárúkọ eré tí wọ́n wò ní kékeré.

Ọ̀kan nínú àwọn eré náà ni Star Trek. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn lórí tẹlifísọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ó sọ ìtàn ọkọ̀ ńlá kan tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ní òkè ọ̀hún tí kò sí atẹ́gùn. Gbalasa òfuurufú là ń pe ibẹ̀. Òyìnbó, ènìyàn dúdú àti ọmọ ilẹ̀ Éṣíà jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà náà, àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ṣì ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn.

Obìnrin dúdú kan wà nínú eré náà, Nichelle Nichols lorúkọ rẹ̀. Uhura ni wọ́n ń pè é nínú eré. Inú èdè Swahili ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òmìnira. Nígbà náà, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún obìnrin dúdú ṣe nínú eré. Ṣùgbọ́n Uhura kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọ̀gá ni. Òun ló ń gba ìròyìn, òun ló sì ń rán ìròyìn.

Lẹ́yìn ọdún kìíní, Nichols fẹ́ fi eré náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé òun pàdé Martin Luther King, olórí àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú. King bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní àwọn ọmọ ń wò ó, wọ́n sì ń rí i pé àyè wà fún àwọn náà lọ́la. Nichols dúró.

Òótọ́ ni, àwọn ọmọ ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ìlú Chicago. Mae Jemison lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n bí i. Nígbà tó ṣì kéré gan-an, olùkọ́ rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ dà. Ó ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ní, “Ṣé nọ́ọ̀sì lo fẹ́ wí?” Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọ náà wí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gún igi gún un níka. Ibẹ̀ wú, ó sì ṣe ọyún, ìyẹn omi funfun tí ń jáde lójú egbò. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ wádìí ohun tí ọyún jẹ́. Ọmọ náà wádìí rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo irú ìyá bẹ́ẹ̀! Kò ní kí ọmọ dákẹ́.

Jemison kàwé, ó di dókítà. Láti ọdún 1983 dé 1985, ó ṣiṣẹ́ dókítà ní Sierra Leone àti Liberia, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí. Ní ọdún 1987, NASA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rán ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, yàn án. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ó wọ ọkọ̀ Endeavour. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú. Nígbà tó délẹ̀, ní ọdún 1993, òun náà ṣeré nínú ọ̀kan nínú àwọn eré Star Trek.

Ṣé ohun gbogbo tó wà nínú eré náà ni òótọ́? Rárá o. Bí a bá fẹ́ ro ọkà, a ó kọ́kọ́ jọ èlùbọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ èyí náà.

Nínú eré, ọkọ̀ wọn ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Kò sí ọkọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Endeavour ṣì ń fò, ó ń rin nǹkan bí 28 000 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ìkòkò ẹ̀wà tó jinná lórí iná igi, ó ti yí gbogbo ayé po. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300 000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Nínú eré, wọ́n ń rìn bí ẹni ń rìn nínú ilé. Ṣùgbọ́n ní ti Jemison, ńṣe ló ń léfòó nínú ọkọ̀. Kí ló fà á? Bí a bá ju òkúta, á jábọ́. Bí a bá fi agbára jù ú, á jìnnà kó tó balẹ̀. Ọkọ̀ náà ń jábọ́ bí òkúta, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ pọ̀ gan-an, ayé sì rí roboto. Bó ṣe ń jábọ́ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Kò balẹ̀, ó ń yí ayé po ni. Ọkọ̀ àti ènìyàn inú rẹ̀ jọ ń jábọ́ pọ̀, ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ kò fi tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ rí i pé kì í ṣe nítorí pé eré jẹ́ òótọ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń mú kí wọ́n béèrè ni: “Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?” Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ta ló gbà gbọ́ pé Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ? Síbẹ̀ a ń pàlọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ń la ọmọ lójú.

Sinimá kọ́ ló sọ Jemison di dókítà. Eré gbin irúgbìn, ìyá bomi rin ín, ìwé ló mú un so èso. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wo eré, ẹ bi í pé: èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Bí òun náà bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé báyìí, ẹ wí fún un pé, “Jẹ́ ká jọ wá a.” Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó:
1. Kí nìdí tí King fi ní kí Nichols má lọ?
2. Kí ni ìyá Jemison ṣe nígbà tí ìka ọmọ rẹ̀ ṣe ọyún? Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?
3. Ìbéèrè wo ni ọmọ yín bi yín lọ́sẹ̀ yìí?