Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ oníròyìn bá wa sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe bí ìbẹ̀rù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì bá gba ọkàn rẹ̀ kan. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo kà àti ohun tí mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ilé tí àwọn ṣọ́jà ń kó bọ́ǹbù pa mọ́ sí ní báráàkì Ìkẹjà gbiná. Ìró rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dé, kálukú ṣáà ń sá. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kó sínú omi Òkè-Àfá, tí koríko bò lójú débi pé ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Ó lé ní 1,000 ẹ̀mí tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Òkè-Àfá náà ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ wọn sí, tí ibi ìrántí wọn wà.

A sin òkú. Ta ló wá tọ́jú àyà àwọn tó yè? Ẹ mọ ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń já bí táyà bá bẹ́ lójú títì. Ẹ mọ ìyá tí kò sun oorun àsùngbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. A ní kí wọ́n gbàgbé, a ní kí wọ́n gbàdúrà. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ń gbàdúrà, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a di ẹsẹ̀. Kò sì dìgbà tí bọ́ǹbù bá dún. Iṣẹ́ tó bọ́, owó ilé tó pé, ìgbéyàwó tó dàrú, gbogbo ìyẹn náà ń fọ́ ọkàn. A ó máa rẹ́rìn-ín nínú àṣọ ẹbí, torí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi rín.

Kí lèèyàn wá lè ṣe? Àkọ́kọ́ ni èémí. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara ń múra láti sá ni: àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á kúrú, ọwọ́ á làágùn. Nígbà míì ewu ti lọ, ara ò tíì gbọ́. Ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ kà dé 4; ẹ mí síta, kí ẹ kà dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Mímí síta pẹ̀lẹ́ yìí ló ń sọ fún ara pé ó tó, kó fara balẹ̀.

Èkejì, ẹ mú bírò, ẹ kọ ìṣòro yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ẹyọ kan tí apá lè ká, kí ẹ wá ohun kékeré kan tí ẹ lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Simbábúwè, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà níṣẹ́ yìí láti ọdún 2006. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹni tó wá, wọ́n á sì jọ wá ọ̀nà àbáyọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn náà ní kufungisisa, ìyẹn ni pé èèyàn ń ronú jù. Àbí àwa náà kì í sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n fi èèyàn 573 dán an wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má dúró de ìgbà tí ó bá wù yín ṣe. Ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń sọ pé ká máa sùn títí dìgbà tí ara bá yá. Ìdàkejì rẹ̀ ni òótọ́: iṣẹ́ ló máa ń ṣáájú, kí ara tó tẹ̀ lé e. Ẹ dìde, ẹ wẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rin ẹsitéètì yìí ká láàárọ̀, ẹ ki aládùúgbò méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọtí ńkọ́? Kì í pa ìrònú; oorun ọ̀la ló ń yá jẹ.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ara ẹni ní ibi tó mọ. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín nínú, tí oúnjẹ àti oorun ti dàrú, ẹ lọ rí dókítà. Bí ọkàn bá ń sọ pé ikú sàn, ẹ má sun ọjọ́ kan mọ́ ọn. Ẹ wí fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kó bá yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ka ilé ìwòsàn Yábà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, wà ní Òṣòdì níbí. Mo mọ̀ pé “Yaba Left” la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká fi yẹ̀yẹ́ yẹn sílẹ̀, torí ó ń pa èèyàn. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò ya wèrè; àárẹ̀ ló mú ọkàn wọn.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi èyí hàn wá ní Àró láti ọdún 1954. Kò ti àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé èèyàn náà loògùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ wa ní owó ìsìnkú, ó ní owó ìkómọ àti ti ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ ká yan èèyàn méjì nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa wá ẹni tí a kò rí níbi ìpàdé ẹ̀ẹ̀mejì léra. Kì í ṣe láti gba owó ìtanràn o, láti bi í pé, “Ṣé kò sí?” ni. Kí wọ́n sì jókòó gbọ́ èsì. Kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú, tí wọ́n ń dá gbé.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ òkú nìkan la ó máa pé.